Ìdí Tí Àlùbọ́sà Ẹ̀yìnkùlé Fi Ń Hu Ewé Tí Kì Í Ta

Arábìnrin kan tó ń gbé ní ilẹ̀ Họ́lándì wá kí àwọn ẹbí rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní àsìkò ọdún. Nínú ẹrù rẹ̀ ni ó ti mú àpò bébà kan jáde, ó sì kó o lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Túlípù méjìlá ló wà nínú rẹ̀, òdòdó tí àwọn ará Họ́lándì fi ń yangàn. Kì í ṣe kóró ni wọ́n ń gbìn, bí kò ṣe orí rìbìtì kan tí èèpo gbígbẹ bò. Díẹ̀ ló kù kí ọmọ tó ń dáná gé wọn sínú ọbẹ̀, nítorí àlùbọ́sà ló pè wọ́n. Bí ó bá sì gé wọn, kì í ṣe òun ni ìbá jẹ́ ẹni àkọ́kọ́: ní ìgbà òtútù ọdún 1944 sí 1945, nígbà tí ebi ogun ń pa àwọn ará Họ́lándì, orí túlípù wà lára ohun tí wọ́n sè jẹ. Màmá gbin tirẹ̀ sínú ìkòkò, ó ń bomi rin ín ní àràárọ̀. Àwọn kan yọ ewé kékeré, àwọn yòókù kò tilẹ̀ yọjú. Kí oṣù kejì tó pé, gbogbo wọn ti jẹrà. Màmá ní bóyá àgbà ti gba iṣẹ́ ọ̀gbìn kúrò lọ́wọ́ òun.

Mo rántí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan ní Kétu. Ó ti fi owó àjọ tó kó ra irúgbìn àlùbọ́sà inú agolo, èyí tí wọ́n ya àwòrán àlùbọ́sà tó tóbi bí ìkúùkù sí lára. Ó ń sanwó fún ọmọkùnrin tó ń pọnmi fún un, omi kì í sì í ṣe ohun tó pọ̀ ní Kétu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Oṣù márùn-ún kọjá. Ewé pọ̀, ó tutù yọ̀yọ̀, ọrùn rẹ̀ nípọn bí àtàǹpàkò. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fa ọ̀kan tu, kò sí nǹkan kan nídìí rẹ̀ ju irun gbòǹgbò lọ. Ewé náà ló gé tà, owó tó rí níbẹ̀ kò sì tó owó omi. Àwọn aládùúgbò ní ilẹ̀ rẹ̀ ti ṣá. Ẹnì kan tilẹ̀ ní kí ó lọ wádìí ẹni tó ń bá a jà.

Ilẹ̀ kò ṣá, kò sì sí ẹni tó ń bá a jà. Ohun kan náà ló ṣe túlípù Àjàṣẹ́ àti àlùbọ́sà Kétu: àwọn méjèèjì ń retí àsìkò tí kì í dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ la àlùbọ́sà kan sí méjì kí ẹ wò ó dáadáa. Ewé ni gbogbo rẹ̀, ewé tó wú, tó ká mọ́ra wọn, tí oúnjẹ kún inú wọn. Àká ni. Irúgbìn tó ń ta báyìí ń kó oúnjẹ pamọ́ de ìgbà tí ayé yóò le, ó sì ní àmì tó ń wò kí ó tó sùn tàbí kí ó tó jí. Túlípù jẹ́ ọmọ àwọn òkè Àárín Éṣíà, kí ó tó gba ilẹ̀ Tọ́kì dé Yúróòpù ní nǹkan bí 450 ọdún sẹ́yìn. Òtútù ni àmì tirẹ̀: ó ń fẹ́ ọ̀sẹ̀ 12 sí 16 nínú òtútù gidi kí òdòdó rẹ̀ tó lè yọ bó ṣe yẹ. Ọyẹ́ tiwa kò tó nǹkan lójú rẹ̀. Àwọn kan máa ń tọ́jú u sínú fìríìjì fún ìwọ̀n àkókò náà, jìnnà sí èso, nítorí atẹ́gùn tí èso pípọ́n ń tú jáde a máa ba òdòdó inú rẹ̀ jẹ́. Bí wọ́n bá ṣe gbogbo wàhálà yìí tán, ó lè yọ òdòdó lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kí ó kú. Èmi kò rí èrè rẹ̀.

Ti àlùbọ́sà yàtọ̀. Gígùn ọ̀sán ló ń wò. Ní àríwá Yúróòpù, ọ̀sán a máa ju wákàtí 16 lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, àlùbọ́sà ibẹ̀ kì í sì í bẹ̀rẹ̀ sí ta títí ọ̀sán yóò fi tó wákàtí 14 sí 16. Ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ìyàtọ̀ tó wà láàrin ọ̀sán tó gùn jù lọ àti èyí tó kúrú jù lọ láàrin ọdún kò pé wákàtí kan. Kò sí ọjọ́ tí ọ̀sán tó wákàtí 13. Irúgbìn inú agolo yẹn ìbá dúró títí, àmì tó ń retí kò ní í rí.

Irú tó bá oòrùn wa mu wà nítòsí. Èyí tí wọ́n ń pè ní Violet de Galmi, tó gba orúkọ lára ìlú Galmi ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, a máa ta bí ọ̀sán bá tó nǹkan bí wákàtí 12. Àlùbọ́sà aláwọ̀ pupa tó ń wá láti Malanville létí Odò Ọya sún mọ́ ọn. Orúkọ tí a ń pè é pàápàá sọ ọ̀nà tó gbà dé: àwọn Lárúbáwá ń pè é ní basal, àwọn Haúsá ní albasa, àwa ní àlùbọ́sà. Ẹ ka orúkọ irú rẹ̀ lára agolo, kí ẹ fi àwòrán sílẹ̀. Ẹ wo ọdún tí wọ́n dì í pẹ̀lú, nítorí irúgbìn àlùbọ́sà kì í pẹ́ kú nínú ooru. Èyí tó ti lo ọdún méjì lórí àtẹ kò yẹ ní rírà.

Nígbà tí òjò àrọ̀kúrò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, láàrin ìparí oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, ni kí a fọ́n ọn sí ibi tí a óò ti tọ́ ọ. Ibẹ̀ ni wàhálà àkọ́kọ́ wà. Bí a bá fọ́n ọn ní kíkí, tí omi sì pọ̀, ìdí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò rà, wọn yóò ṣubú lulẹ̀ lóru kan. Ẹ fọ́n ọn ní àlàfo, ẹ bomi rin ín ní òwúrọ̀ nìkan. Lẹ́yìn ọjọ́ 40 sí 45, kí ẹ tú u lọ gbìn, sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 láàrin ọ̀kan sí èkejì. Ọ̀pọ̀ wa ni í rì í jù. Gbòǹgbò nìkan ni kí ó wọlẹ̀. Orí rẹ̀ ń fẹ́ jókòó sórí ilẹ̀ bí ìkòkò lórí ààrò, bí ó bá sì yọ síta kí ẹ má ṣe kó erùpẹ̀ bò ó. Ìgbẹ́ adìyẹ dára, ṣùgbọ́n kí ó ti pẹ́ kí ó sì ti jẹrà tán. Tútù rẹ̀ a máa jó gbòǹgbò. Ní ti adìyẹ fúnra rẹ̀, kò sí oògùn rẹ̀ ju ọgbà lọ: ẹ fi màrìwò yí ebè náà ká lọ́jọ́ kan náà tí ẹ gbìn ín.

Nígbà ọyẹ́, bí ewé bá ń funfun bí ẹni pé wọ́n fi fàdákà fà á, ẹ ya ewé àárín wò. Àwọn kòkòrò tíntìntín aláwọ̀ ìyeyè wà níbẹ̀, wọ́n ń fa omi ara rẹ̀. Ẹ gún ewé dóńgóyárò, ẹ rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, ẹ wọ́n ọn sí ìdí ewé náà ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá jẹ́ ojú àpá aláwọ̀ àlùkò ló wà lára ewé, olú ló fa èyí: omi tí a ń dà lé ewé lórí ló ń bọ́ ọ. Ìdí irúgbìn ni kí omi máa lọ. Ẹ má sì gbin àlùbọ́sà tàbí áyù sí ebè yẹn mọ́ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta.

Ní oṣù kejì tàbí ẹ̀kẹta ọdún, ọrùn ewé yóò rọ̀, yóò dojúbolẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, wọn a da omi sí i, ìyẹn ló sì ń mú kí ó rà nínú apẹ̀rẹ̀. Ẹ dá omi dúró, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí ẹ tó fà á tu, kí ẹ sì sá a sábẹ́ ibòji títí ọrùn yóò fi gbẹ, kí òjò tó dé.

Òjò àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni àmì tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ń wò. Òdòdó pupa kan wà létí igbó wa, rìbìtì bí bọ́ọ̀lù, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Scadoxus multiflorus. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò sí ohun tí ẹ óò rí níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, yóò là jáde. Orí ni òun náà ní nínú ilẹ̀, ó sì ní májèlé, nítorí náà kí ọmọdé àti ewúrẹ́ má dé ìdí rẹ̀. Màmá ti wú ọ̀kan sínú ìkòkò túlípù. Ó gbé e jìnnà sí ilé ìdáná.