Iná Tó Gba Orí Wa Kọjá Lọ sí Kútọnu

 

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ìyá elẹ́ja kan dìde sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni iná fi lọ, gbogbo ẹja inú fíríísà rẹ̀ ló bàjẹ́. Ó ní, "Ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n ń gbé iná wa lọ tà fún àwọn ará Kútọnu, tí àwa wá jókòó sínú òkùnkùn?" Ariwo sọ. A ṣèlérí pé a ó wádìí ọ̀rọ̀ náà. Èsì rẹ̀ rèé. A sì fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ abẹ́ wáyà ńlá kún un, nítorí ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Òótọ́ ni, wọ́n ń tà á. Láti 1976 ni wáyà ti gba Birnin Kebbi lọ sí Niamey, olú ìlú Nìjẹ̀r. Ẹ rántí pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Nìjẹ̀r ni odò Ọya ti ń ṣàn bọ̀ kó tó dé Kàínjì tó ń fún wa níná. Ẹni tó wà lókè odò kì í ṣe ẹni tí à ń bá jà. Nígbà tó di 2007, wọ́n so Ìkẹjà pọ̀ mọ́ Ṣakẹ́tẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, wáyà tó gùn tó bí 70 kìlómítà. Títà ni wọ́n ń tà á, wọn kì í fi ta wọ́n lọ́rẹ.

Kí ló dé tí ìlú sí ìlú fi ń so wáyà pọ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àjọ dídá ni yóò tètè yé. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ti ń ra iná Akosombo lọ́wọ́ Gánà láti 1972. Oníbàárà kan ṣoṣo ni wọ́n gbójú lé. Lọ́dún 1998, òjò kọ̀, omi Akosombo fà, Gánà fúnra rẹ̀ kò ní tó. Òkùnkùn bo Lọmé, ó bo Kútọnu. Ṣebí bó ṣe ń rí náà nìyẹn fún alátà tó jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹnì kan péré ló ti ń gbọjà? Ní 1999, àwọn olórí ìjọba ECOWAS fẹnu kò pé kí gbogbo wa so iná wa pọ̀, kí ẹni tó bá ní lónìí tà fún ẹni tí kò ní. Kútọnu ni ọ́fíìsì iṣẹ́ náà wà. Ètò tí wọ́n là sílẹ̀ láti 2019 títí dé 2033 ní iṣẹ́ 75 nínú. Ọ̀kan nínú wọn ni wáyà tí yóò gba Birnin Kebbi, Niamey àti òkè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ dé Ouagadougou.

Àjọ náà ní ewu tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Nìjẹ̀r ní oṣù keje 2023, Nàìjíríà já iná wọn, ìyà sì jẹ Niamey gan-an. Ẹni tó bá ń dá àjọ, kó ní kóló tirẹ̀ nílé pẹ̀lú.

Ó dáa, kí ló wá fa òkùnkùn tiwa? Bí wọ́n tilẹ̀ dá gbogbo tọwọ́ Kútọnu padà, ìyẹn nìkan kọ́ ni yóò tan ìsọ̀ wa. Àwọn ẹ̀rọ tó ń pèsè iná ní Nàìjíríà, bí a bá ka agbára tí wọ́n kọ sí wọn lára, wọ́n lé ní 12,000 mẹ́gáwáàtì. Èyí tó ń dé orí wáyà kì í sábà ju 5,000 lọ púpọ̀. Gáàsì kì í tó, ẹ̀rọ mìíràn ti bàjẹ́, ọ̀nà sì há. Wáyà ni ọ̀nà tí à ń wí. Bí iṣu bá kún oko Ṣakí, tí afárá já, kí ni yóò dé ọjà?

Iná kò sì dà bíi gààrì tí a lè rọ sínú àpò dè ọjọ́ ọ̀la. Èyí tí wọ́n ń pèsè àti èyí tí à ń lò gbọ́dọ̀ dọ́gba ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú. Òṣogbo ni wọ́n ti ń ṣọ́ ọ. Bí wáyà ńlá kan bá já lójijì, ẹrù rẹ̀ á bọ́ sórí àwọn tó kù, ọrùn wọn á wọ̀, wọ́n á já tẹ̀lé e, gbogbo ìlú á ṣú lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ní 2024. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ń ṣètò wáyà fi gbọ́dọ̀ la ọ̀nà méjì dé ibi kan, kí ọ̀kan lè gbé ẹrù èkejì. Ó gbọ́dọ̀ ka iye ìlú, iléeṣẹ́ àti ọjà tí yóò wà ní ogún ọdún sí i, kì í ṣe tòní nìkan. Owó ńlá ni, ọdún púpọ̀ ni, ilẹ̀ sì ni.

Orí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí la ti wọlé tọ̀ yín wá. Wáyà tó wà lẹ́yìn ọjà, 330,000 fólítì ló ń gbé. Fíríísà wa kò ju 230 lọ. Àfi kó dé ibùdó tírànsífọ́mà ńlá, kó sọ̀kalẹ̀ sí 132,000, sí 33,000, sí 11,000, kó tó wọ ilé. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun á bá yín fa iná lára rẹ̀, ikú ló fẹ́ bá yín fà. Abẹ́ irú wáyà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ títà. Ààyè tó jẹ́ tirẹ̀ jẹ́ mítà 50, ìyẹn 25 lọ́tùn-ún, 25 lósì. Ti 132,000 jẹ́ mítà 30. A gbọ́ pé àwọn kan ti ń gba owó ìsọ̀ níbẹ̀, àwọn kan lára wa sì ti san. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má san mọ́. Rìsíìtì wọn kò ní gbà yín lọ́jọ́ tí katakata bá dé.

Ṣùgbọ́n bí wáyà tuntun bá fẹ́ gba ibi tí ẹ ti ń tajà tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Iṣẹ́ tí Báńkì Àgbáyé bá yá ìjọba lówó fún, òfin wọn ni pé kí wọ́n ka àwọn tó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì ṣe ìrànwọ́ fún ẹni tí òwò rẹ̀ bá bàjẹ́, bí kò tilẹ̀ ní ìwé ilẹ̀. Wọ́n á dá ọjọ́ kan, ẹni tó bá dé lẹ́yìn ọjọ́ náà, wọn kò ní kà á. Nítorí náà, bí wọ́n bá pe ìpàdé, ẹ jẹ́ ká lọ. Kí alága mú ìwé orúkọ àwọn onísọ̀ dání. Kí a sì béèrè níbẹ̀ pé, "Ibùdó tírànsífọ́mà wo ni yóò já iná yìí sọ́dọ̀ tiwa?"

Ìyá elẹ́ja, ìdáhùn yín nìyẹn. Ará Kútọnu kọ́ ló jẹ ẹja yín.