Bí Oúnjẹ Ti Ń Dà Nínú Ènìyàn

Bí òkèlè bá ti kọjá ọ̀nà ọ̀fun, ojú kò tún rí i mọ́. Nítorí náà ni àwọn ọlọ́gbọ́n ìgbà àtijọ́ fi jiyàn pẹ́: àwọn kan ní ooru inú ni ó ń sè é, àwọn mìíràn ní àpòlúkù ni ó ń lọ̀ ọ́ bí ọlọ.

Ní oṣù June, ọdún 1822, ní erékùṣù Mackinac ní Amẹ́ríkà, ìbọn kan ṣèèṣì yìn, ó sì ba Alexis St. Martin, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Kánádà. William Beaumont, oníṣègùn àwọn ọmọ ogun, tọ́jú rẹ̀ títí ó fi yè. Ṣùgbọ́n ihò tí ó wọ inú àpòlúkù rẹ̀ kò dí mọ́. Láti ọdún 1825 ni Beaumont ti ń so ẹran àti búrẹ́dì mọ́ okùn ṣẹ́dà, tí ó ń tì wọ́n wọ inú ihò náà, tí ó sì ń fà wọ́n jáde wò. Ó bu oje àpòlúkù náà sínú ìgò, ó fi ẹran sí i, ó sì mú kí ó móoru bí ara ènìyàn: ẹran náà yọ́, láìsí ọlọ kankan. St. Martin kò fẹ́ràn ìdánwò wọ̀nyí rárá. Àwa kò sì lè dá a lẹ́bi.

Òtítọ́ ni pé àpòlúkù a máa po oúnjẹ; ṣùgbọ́n oje kíkan yìí ni ó ń yọ́ ẹran. Ní ti iyán, itọ́ ẹnu ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bá a ṣiṣẹ́; ṣùgbọ́n àwa tí a ń gbé òkèlè mì láìjẹ ẹ́, ìfun kékeré ni a di ẹrù náà lé lórí. Níbẹ̀ ni òróòro láti inú ẹ̀dọ̀ ti ń pàdé ọ̀rá, níbẹ̀ pẹ̀lú ni èyí tí ó dára nínú oúnjẹ ti ń gba ara ìfun wọ inú ẹ̀jẹ̀.