Gìtá Onírin Tí Ó Yadi

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, kí a tó jẹun tán, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò wa wọlé tọ̀ wá wá, òun pẹ̀lú ìyá rẹ̀, wọ́n sì gbé àpótí gígùn kan kalẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà. Gìtá bàbá mi ni, ó ti yadi." Ìyá rẹ̀ sọ fún wa pé àwọn ti gbé e lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe kan, ẹni tí ó wò ó ní ìwòkọjá, tí ó sì wí pé píkọ́pù rẹ̀ ti kú, pé kí wọ́n jù ú nù, kí wọ́n sì mú owó wá kí òun lè ránṣẹ́ sí òkè òkun fún òmíràn. Iye tí ó pè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá náà fi pinnu pé yóò sàn kí àwọn kúkú ta gìtá náà, kí àwọn sì fi owó rẹ̀ ṣe ìtọ́jú àwọn àbúrò ọmọ náà ní ilé-ẹ̀kọ́. Baba tí ó ni ín ti di olóògbé láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ọmọ náà kò wí nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí àpótí náà.

Bóyá àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa kò tí ì fi ojú rí irú gìtá yìí, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ẹ má tí ì fi etí gbọ́ ọ. A kì í gbé e kọ́ ọrùn. Bí tábìlì tóóró ni ó rí lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, okùn irin mẹ́wàá sì nà lórí rẹ̀. Ẹni tí ń ta á a jókòó tì í, a fi ọwọ́ ọ̀tún ta okùn, a sì fi ọwọ́ òsì ti ọ̀pá irin dídán kan lọ, ti í bọ̀ lórí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ àti orúnkún rẹ̀ ń tẹ àwọn irin tí ó wà nísàlẹ̀, èyí tí ń fa okùn le tàbí tí ń dẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí ohùn rẹ̀ fi ń yọ́ láti orí ìró kan bọ́ sí orí èkejì láìsí àlàfo. Ará erékùṣù Hàwáì kan, Joseph Kekuku, ni a mọ̀ sí aṣáájú ọ̀nà fífi irin ta gìtá ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Irin àfẹsẹ̀tẹ̀ dé lẹ́yìn rẹ̀, òkìkí rẹ̀ sì kàn ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1954, nígbà tí Bud Isaacs fi í gbe Webb Pierce lẹ́sẹ̀ nínú orin "Slowly".

Ní ilẹ̀ wa, inú orin jùjú ni ó ti di mímọ̀. Nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé, Dèmọ́lá Adépọ̀jù ni ó ń ta á, àwo wọn tí a pè ní "Juju Music" ní ọdún 1982 sì gbé ohùn náà káàkiri ayé. Ní ọdún 1986, Adépọ̀jù kan náà ni ó ta á nínú orin "Graceland" ti Paul Simon. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ilé ijó nìkan ni ààyè rẹ̀: ní Amẹ́ríkà, àwọn ìjọ aláwọ̀ dúdú kan tí ń jẹ́ House of God ti ń fi gìtá onírin gbé orin ìsìn ró láti àwọn ọdún 1930. Olóògbé tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí fi tirẹ̀ ṣe orin jùjú ní ìgbà èwe. Nígbà tí ó dàgbà, ó gbé e wá sí ilé Ọlọ́run.

Ǹjẹ́, kí ni píkọ́pù yìí? Kì í ṣe etí, nítorí kì í gbọ́ ohùn nínú afẹ́fẹ́. Òòfà ni, tí a wé wáyà bàbà mọ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Wáyà náà kò sì nípọn ju irun orí ènìyàn lọ. Michael Faraday fi hàn ní ọdún 1831 pé bí agbára òòfà bá ń yí padà nítòsí wáyà tí a wé, iná mànàmáná a ru sókè nínú wáyà náà. Bí okùn irin bá ń gbọ̀n lókè òòfà, ó ń ṣe irú ìyípadà bẹ́ẹ̀, iná kékeré náà a sì gba inú okùn lọ sí ẹ̀rọ agbóhùnsókè. George Beauchamp ni ó fi ọgbọ́n yìí sára gìtá onírin ní ìlú Los Angeles ní ọdún 1931. Ẹ rí i nígbà náà pé bí wáyà tín-ín-rín yìí bá já ní ibì kan ṣoṣo, gbogbo gìtá ti yadi nìyẹn.

Ní ìgbà èwe wa, kí a tó di akọ̀wé, a jókòó ti ẹnìkan tí ń tún rédíò ṣe, ẹ̀kọ́ kan tí ó fi kọ́ wa ni pé kí a máa ti ẹ̀yìn wá síwájú. Nítorí náà a kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan píkọ́pù rárá. A pààrọ̀ okùn tí ó lọ sí ẹ̀rọ. Gìtá kò fọhùn. A yọ ẹ̀rọ àfẹsẹ̀tẹ̀ tí ń gbé ohùn sókè sódò kúrò láàrin, nítorí ohun tí ń yí nínú rẹ̀ a máa jẹ dànù ju píkọ́pù lọ fíìfíì, a sì ki okùn bọ gìtá ní tààrà. Kò fọhùn síbẹ̀. (Bí ó bá jẹ́ gìtá ọlọ́rùn méjì ni, à bá wo ohun tí a fi ń yí ohùn láti ọrùn kan sí èkejì, nítorí ìdọ̀tí a máa sé e.) A wá rẹ ohùn ẹ̀rọ sílẹ̀, a sì fi orí sukudiráfà kékeré kan àwọn òòfà náà pẹ́pẹ́. Bí wáyà bá yè, à bá gbọ́ "kó, kó" nínú ẹ̀rọ. A kò gbọ́ nǹkan kan.

Ìgbà náà ni a tó mú mítà. Píkọ́pù irú èyí tí ó yè a máa fi nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 8 sí ẹgbẹ̀rún 20 óòmù hàn. Bí ó bá fi òdo hàn, wáyà ti fara kan ara níbi tí kò yẹ. Bí kò bá sì fi ohunkóhun hàn, ó ti já. Tiwa ti já. Ojú ìyá náà rẹ̀wẹ̀sì, ṣùgbọ́n a sọ fún un pé kí ó ní sùúrù díẹ̀, nítorí a kò tí ì mọ ibi tí ó ti já.

A dẹ okùn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, a tú píkọ́pù, a sì mú awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Níbi tí wáyà tín-ín-rín ti pàdé wáyà ńlá tí ń jáde, a rí èépá aláwọ̀ ewé: òógùn ọwọ́ ọdún pípẹ́ àti ọ̀rinrin ni ó jẹ bàbà náà títí ó fi já. Opin wáyà tí ó wà lóde ni, kì í ṣe èyí tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ìdì. Oore ńlá ni èyí, nítorí bí ó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀ ni ó já, dandan ni kí a tú gbogbo rẹ̀ kí a sì tún un wé. A fi orí abẹ́rẹ́ tú ẹyọ ìwé kan péré, a rọra ha ọ̀dà ara rẹ̀ kúrò, a sì fi òjé jó o mọ́ wáyà ńlá pẹ̀lú oje igi, kì í ṣe pẹ̀lú ásíìdì, nítorí ásíìdì yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Lẹ́ẹ̀mejì ni wáyà náà tún já mọ́ wa lọ́wọ́, a sì jẹ́wọ́ pé ọwọ́ wa kì í ṣe ti ọmọdé mọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mítà fi ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún 17 hàn.

A kò wí pé kò sí píkọ́pù tí ó yẹ kí a pààrọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ rí i pé iye òòfà rẹ̀ bá iye okùn mu, mẹ́wàá tàbí méjìlá, pé àlàfo àárín wọn bá ti okùn dọ́gba, àti pé yóò wọ ihò tí ó wà. Irú kan wà tí ó ní ìdì wáyà méjì, tí a wé ní ìdàkejì ara wọn kí ìkùn iná ilé lè pa ara rẹ̀ run. Ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ yàtọ̀. Kí ẹ sì tọ́jú èyí àtijọ́, ẹ má jù ú nù.

Nígbà tí a dá a padà, a fi àyè bí mílímítà 3 sí 4 sí àárín òòfà àti okùn, nítorí bí ó bá súnmọ́ jù, òòfà a máa fa okùn, ìró rẹ̀ kò sì ní mọ́. Ọmọ náà tún okùn rẹ̀ mú, ó sì ta á. Ìyá rẹ̀, tí ó ti bá aya wa lọ sí ilé ìdáná, padà wá dúró ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀bẹ ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. Ó gbọ́ títí, ó ní, "Ohùn rẹ̀ náà ni." Kò tún sọ ọ̀rọ̀ títà mọ́.

Okùn kẹfà nìkan ni kò ròkè tó àwọn yòókù. Ọmọ náà fẹ́ ti òòfà abẹ́ rẹ̀ sókè díẹ̀, a sì kọ̀ fún un, nítorí ní irú píkọ́pù yìí ara òòfà gan-an ni a wé wáyà mọ́, bí òòfà bá sì yẹ̀, wáyà yóò tún já. Kí ó máa ta okùn náà le díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Baba rẹ̀ pẹ̀lú ti ní láti máa ṣe bẹ́ẹ̀.