Bí Sáfà Linux Bá Kọ̀ Jálẹ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ kan fi Apache sórí sáfà AlmaLinux, ó tẹ systemctl start httpd, Apache sì dìde. Ó kọ ojú ewé kan, iroyin.html, sínú fódà ara rẹ̀ ní /home, ó wá fi mv gbé e lọ sí /var/www/html, níbi tí Apache ti ń mú ohun tó ń fi han aráyé. Ó ṣí bíráósà láti wo ojú ewé náà, 403 Forbidden ló bá pàdé.

Kò sí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ àbójútó sáfà lórí Red Hat Enterprise Linux àti àwọn ìbátan rẹ̀ ọ̀fẹ́ bíi AlmaLinux tí kò ní kan ibí yìí. Ohun tí kálukú bá ṣe níbẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ bóyá iṣẹ́ ti ń yé e.

Ẹ jẹ́ ká tẹ ls -l. Yóò kọ -rw-r--r--. Ẹni tó ni fáìlì ló ṣáájú, ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e, gbogbo ará yòókù ló kẹ́yìn. Kíkà, ìyẹn r, jẹ́ 4. Kíkọ, w, jẹ́ 2. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe àṣẹ yìí ní 644. Orúkọ apache ni Apache fi ń ṣiṣẹ́, ará yòókù sì ni, nítorí náà ó yẹ kó lè kà á. Kí ló wá dí i lọ́wọ́?

Ọ̀pọ̀ á sáré tẹ chmod 777, wọn á ṣí fáìlì sílẹ̀ kí tajá-tẹran lórí ẹ̀rọ náà lè kọ ohun tó wù ú sínú rẹ̀, 403 ò sì ní kúrò. Ẹnìkan á wá ní kí wọ́n tẹ setenforce 0. Ojú ewé á jáde, inú wọn á dùn. Ó máa ń dùn mí, torí ọlọ́dẹ ilé ni wọ́n lé lọ yẹn.

SELinux ni ọlọ́dẹ náà. NSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà, ló gbé e síta lọ́dún 2000, ó sì di ara kernel Linux ní 2003. Bí 644 bá ti gbà fún Apache tán, kernel á tún bi SELinux. Ẹni tó ni fáìlì kọ́ ni SELinux ń wò, àmì ni: àmì ara ètò tó ń bèèrè àti àmì ara fáìlì. Àmì Apache ni httpd_t. Ẹ tẹ ls -Z, ẹ ó rí i pé user_home_t ṣì wà lára iroyin.html, òfin SELinux kò sì gba httpd_t láyè láti kà á. Láti /home ló ti gbé e wá, torí mv kì í bọ́ àmì fáìlì sílẹ̀. Ká ní cp ni akẹ́kọ̀ọ́ lò ni, ẹ̀dà tuntun náà ì bá gba àmì fódà tó dé.

Ẹ̀rọ kì í fi èyí pamọ́. Ẹ tẹ ausearch -m AVC -ts recent, ẹ ó rí denied, ẹ ó rí comm="httpd", ẹ ó rí àmì méjèèjì lórí ìlà kan náà. Ìlà yẹn ni mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ láti kà kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, kó tẹ restorecon -v /var/www/html/iroyin.html, kí fáìlì gba àmì tó yẹ ibi tó wà, ó parí.

Ilé iṣẹ́ ò lè fi SELinux ṣeré. Bí ọ̀daràn bá gba ihò kan lára Apache wọlé, httpd_t náà ni yóò ṣì máa jẹ́, àwọn fáìlì tó wà ní /home ò sì ní ṣí fún un, ì báà jẹ́ 777 ni wọ́n.

Tó bá jẹ́ fódà tuntun, bíi /oja, lẹ fẹ́ kí Apache máa lò, ẹ fi semanage fcontext kọ àmì rẹ̀ sínú ìwé òfin SELinux, kí ẹ tó lo restorecon. chcon náà lè yí àmì padà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún fáìlì sàmì, iṣẹ́ rẹ̀ á pòórá. Nínú RHCSA, ìdánwò Red Hat fún àwọn alábòójútó sáfà, orí ẹ̀rọ gan-an ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ohun tó bá sì ṣì dúró lẹ́yìn tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ tí wọ́n tún tàn án ni wọ́n ń fún ní máàkì. setenforce 0 kì í dúró.