Ìtọ́jú Irun ní Àkókò Òjò

Irun ni adé orí. Bí obìnrin bá di ṣùkú tàbí kòlẹ́sẹ̀ tí ó gún régé, ẹni tí ó bá rí i yóò mọ̀ pé ó ń tọ́jú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá dé, láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ráhùn pé irun àwọn ń dín kù, wọn a sì dá òjò lẹ́bi. Òjò kọ́ ni ó jẹ̀bi jù. Ọwọ́ tí a fi ń mú irun ni.

Ó yẹ kí a mọ̀ pé irun bíbọ́ yàtọ̀ sí irun jíjá. Nǹkan bí 100,000 fọ́nrán irun ni ó wà lórí ènìyàn. 50 sí 100 nínú wọn a máa bọ́ lójúmọ́, òmíràn a sì hù dípò wọn. Ẹni tí ibà líle dá wó, tàbí obìnrin tí ó bímọ, lè rí i ní oṣù 2 tàbí 3 lẹ́yìn náà pé irun òun ń bọ́ gan-an. Èyí náà yóò padà hù.

Irun jíjá ni ó yẹ kí a ṣọ́ra fún. Afẹ́fẹ́ àkókò òjò kún fún omi. Irun a máa fa omi yìí mu, a wú, a sì máa tètè já bí a bá fà á. Ọmọ ilé-ìwé tí òjò pa kò gbọdọ̀ fi agbára ya irun rẹ̀. Kí ó fi aṣọ ìnura tẹ omi orí náà gbẹ, kí ó fi òrí tàbí òróró àgbọn díẹ̀ pa irun náà, kí ó sì fi òòyà tí eyín rẹ̀ jìnnà síra yà á láti ṣóńṣó lọ sí ìdí.

Orí tí ó tutù kò yẹ fún dídì, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a wé gèlè lé e. Fífọ orí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí lọ́sẹ̀ méjì-méjì dára. Kí ẹnikẹ́ni má yá òòyà tàbí fìlà ẹlòmíràn lò, nítorí ọ̀nà tí làpálàpá ń gbà ran ọmọdé nìyẹn. Ìpara nìkan kì í wo làpálàpá orí, nítorí kì í dé ìdí irun. Oògùn gbígbé mì láti ọwọ́ dókítà ni ó ń wò ó.

Èyí tí ó burú jù ni dídì tí ó le jù. Nítorí kí irun lè pẹ́ lórí nínú òjò, àwọn kan a ní kí onídìrí fà á le. Róro kéékèèké a yọ ní iwájú orí àti ní ẹ̀bátí, irun ibẹ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Bí a bá tètè dẹ̀ ẹ́, irun náà yóò padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọdún púpọ̀, ìdí irun a kú, kò sì sí òróró tí ó lè jí i.

Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Onídìrí ni ó mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n olórí ni ó mọ ibi tí ó ti ń dùn ún. Ọmọ tí ó bá sọ pé, “Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀,” kò hùwà àìlọ́wọ̀; irun ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ ni ó ń dáàbò bò.