Àdírẹ́sì àti Líǹkì: Ohun Méjì Tí A Kò Gbọdọ̀ Pè Ní Ọ̀kan

Ó ti di àṣà láàárín wa láti máa wí fún ara wa pé, "Ka líǹkì rẹ̀ sí mi létí kí n kọ ọ́ sílẹ̀," nígbà tí ó jẹ́ pé àdírẹ́sì ni a ń béèrè. Bí ẹni méjì bá ń tàkúrọ̀sọ, àṣìṣe yìí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń múra láti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, bí a bá ṣi ọ̀rọ̀ lò, ọ̀pọ̀ ni yóò tẹ̀ lé wa ṣìnà. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a la ọ̀rọ̀ náà yé ara wa.

Ohun tí ó mú un wá sí wa lọ́kàn ni èyí. Nígbà tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, a rí ẹ̀kọ́ kan lórí ayélujára nípa bí òjò ti ń rọ̀. A tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, a sì pín in fún àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún. Ní ìsàlẹ̀ bébà náà ni a ti kọ ọ́ pé, "Ẹ tẹ ibí yìí láti ka ìyókù," pẹ̀lú ìlà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ kan fi ìka tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kíní, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó wò wá lójú, ó ní, "Tíṣà, kò ṣí." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, àwa náà sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ro ọ̀rọ̀ náà, a rí i pé ọmọ náà kò jẹ̀bi. Àwa ni a ya ilẹ̀kùn sára ògiri tí a sì ní kí ó gba ibẹ̀ wọlé.

Kí ni àdírẹ́sì? Àdírẹ́sì ni orúkọ ibi tí ojú ìwé kan wà lórí ayélujára. Kí ni líǹkì? Líǹkì ni ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán inú ojú ìwé kan, tí a ti so àdírẹ́sì ibòmíràn mọ́, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá tẹ̀ ẹ́, yóò gbé wa dé ibẹ̀. Àdírẹ́sì ń sọ ibi tí nǹkan wà. Líǹkì ń mú ni lọ. Àdírẹ́sì lè wà láìsí líǹkì, ṣùgbọ́n kò sí líǹkì tí kò ní àdírẹ́sì nínú.

Ẹ jẹ́ kí a mú Bíbélì wa. Bí a bá wí pé Isaiah 53:4, àdírẹ́sì ni a sọ: ìwé, orí, àti ẹsẹ. A lè fi ẹnu wí i, a lè kọ ọ́ sára pátákó, a lè fi í sínú lẹ́tà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní Bíbélì yóò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Bíbélì tí ó ní atọ́ka, bí a bá ń ka Matteu 8:17, àmì kékeré kan a máa tọ́ wa padà sí Isaiah 53:4, nítorí ibẹ̀ ni a ti mú ọ̀rọ̀ náà wá. Àmì kékeré náà ni ó dàbí líǹkì. Òun kọ́ ni ẹsẹ náà, òun kọ́ sì ni orúkọ ẹsẹ náà. Ohun tí ó so ibi tí a wà mọ́ ibi tí a ń lọ ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọwọ́ ara wa ni a fi ń ṣí Bíbélì, ṣùgbọ́n lórí ayélujára ẹ̀rọ ni ó ń ṣí i fún wa.

Ẹni tí ó dá ètò yìí sílẹ̀ ni Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹta ọdún 1989, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ilé ìwádìí ìjìnlẹ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó wà lẹ́bàá ìlú Geneva, ó dá a lábàá pé kí àwọn ìwé tí ó wà nínú oríṣiríṣi kọ̀ǹpútà lè máa tọ́ka sí ara wọn. Láti inú àbá náà ni World Wide Web ti jáde. Òun kọ́ ni ó kọ́kọ́ ro irú èrò bẹ́ẹ̀, nítorí Ted Nelson, ará Amẹ́ríkà, ti fún irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní orúkọ hypertext ní 1965. Ṣùgbọ́n Berners-Lee ni ó ṣètò pé kí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀, kí líǹkì lè rí ohun dìmú.

Ẹ wo àdírẹ́sì ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ètò náà:

http://info.cern.ch/hypertext/WWW/TheProject.html

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè pín in sí. Http ni èdè tí àwọn ẹ̀rọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Info.cern.ch ni orúkọ ilé. Ch ìparí rẹ̀ jẹ́ àmì ilẹ̀ Switzerland, gẹ́gẹ́ bí ng ti jẹ́ ti Nàìjíríà, tí bj jẹ́ ti Benin, tí tg sì jẹ́ ti Togo. Ìyókù ni ọ̀nà inú ilé náà, títí dé yàrá tí ìwé wà. Ní ti ìlà méjì tí ó tẹ̀ lé http, Berners-Lee fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ ní 2009 pé kò ní ìdí pàtàkì; àwa tí a ti ń ṣi í kọ láti ọjọ́ yìí lè rí ìtùnú nínú èyí.

Nísinsìnyí ẹ wo bí a ti ń kọ líǹkì:

<a href="http://info.cern.ch/">Ilé àkọ́kọ́</a>

Apá méjì ni ó ní. Ohun tí òǹkàwé ń rí kò ju "Ilé àkọ́kọ́" lọ; àdírẹ́sì fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ewu wà, nítorí ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ tí ó hàn lè kọ ohunkóhun tí ó wù ú. Ó lè kọ orúkọ báńkì síta, kí ó sì fi àdírẹ́sì olè sínú. Ẹnìkan nínú wa gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù rẹ̀. Ó rí orúkọ báńkì tirẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó kọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ sí ibi tí wọ́n ní kí ó kọ ọ́ sí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, owó oúnjẹ rẹ̀ fún sáà náà ti lọ. Kì í ṣe òmùgọ̀. Líǹkì ni ó kà, kò ka àdírẹ́sì.

Àwọn baba wa wí pé, ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí a tó tẹ líǹkì, ẹ jẹ́ kí a wo ilé tí ó ń mú wa lọ. Lórí kọ̀ǹpútà, bí a bá gbé ọfà lé e láì tẹ̀ ẹ́, àdírẹ́sì a máa hàn ní ìsàlẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù, bí a bá fi ìka mọ́ ọn pẹ́, yóò hàn. Kí a sì ka orúkọ ilé láti ìparí rẹ̀ wá. Bí a bá rí info.cern.ch.example.com, kò sí lọ́dọ̀ CERN rárá, ilé example.com ni. Bí https bá sì wà níwájú, èyí fi hàn pé ẹnikẹ́ni kò lè fetí kọ́ ọ̀rọ̀ wa lójú ọ̀nà. Kò fi hàn pé olóòótọ́ ni onílé.

Ohun kan kù. Àdírẹ́sì lè kú kí líǹkì má sì mọ̀. Bí onílé bá kó ìwé rẹ̀ lọ, líǹkì yóò máa tọ́ka sí ahoro, a ó sì bá 404 níbẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé a kò rí ohun tí a béèrè. Ojú ìwé àkọ́kọ́ tí a mẹ́nu kàn pàápàá kò sí ní ipò rẹ̀ mọ́ fún ìgbà kan, kí CERN tó dá a padà sí àdírẹ́sì rẹ̀ ní 2013. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá fẹ́ rán àwọn ọmọ sí ojú ìwé kan, kí ó kọ́kọ́ lọ wò ó ní àárọ̀ ọjọ́ náà bóyá ó ṣì wà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì a padà sí kíláàsì karùn-ún. A kọ àdírẹ́sì ẹ̀kọ́ òjò náà gàdàgbà sára pátákó, a kà á sókè, àwọn ọmọ sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Ọmọ tí ó wí pé kò ṣí ni ó kọ́kọ́ kọ ọ́ tán. Ó mú un lọ sílé, ó fi fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá a, ó sì padà wá sọ fún wa ní ọjọ́ kejì pé, "Tíṣà, ó ṣí."