Igbe Kọ̀ǹkọ̀ Lẹ́yìnkùlé: Àmì Ibi Kọ́ O

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ni ó ń lé e. Àwọn àgbà tí ó pa òwe yìí mọ ìwà ọ̀pọ̀lọ́ dáadáa. Wọ́n mọ̀ pé ẹranko òru ni, pé ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ni ó ń jáde wá oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ní ìlú ńlá lóde òní, àwọn tí ó ń lé ọ̀pọ̀lọ́ kiri ti pọ̀ ju àwọn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ ní Oṣòdì àti Ìsọlọ̀, ariwo a sọ lálẹ́. Láti Máfolúkù títí dé ẹ̀bá odò Òkè-Afà, ibi tí omi bá dúró sí, ìbáà ṣe àbàtà, ìbáà ṣe kòtò omi tí onílé gbẹ́ sáàrin ọgbà òdòdó rẹ̀, ibẹ̀ ni kọ̀ǹkọ̀ ti ń ké. Àwọn kan a ní àmì ibi ni. Àwọn mìíràn a ní àjẹ́ ni ó rán an wá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹnìkan a ti gbé gálọ́ọ̀nù kẹrosíìnì dání, ó fẹ́ dà á sínú omi.

Igbe yìí kì í ṣe igbe ibi rárá. Akọ ni ó ń wá aya. Ó ń fẹ́ ọ̀fun rẹ̀ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, kí abo lè gbọ́ kí ó sì wá. Bí abo bá dé, akọ a gùn ún lẹ́yìn, a dì í mú ṣinṣin, abo a sì yé ẹyin sínú omi. Ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ a gùn bí okùn tí a sín ìlẹ̀kẹ̀ dúdú sí; ó lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Inú rẹ̀ ni légbénlégbé ti ń jáde, tí ó ní ìrù, tí kò ní ẹsẹ̀, tí ó sì ń mí bí ẹja. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn a kọ́kọ́ yọ, ti iwájú a tẹ̀ lé e, ìrù a sì súnkì. Ẹja, ẹyẹ àti ejò a ti jẹ púpọ̀ nínú wọn kí ìyókù tó gun òkè.

Àwọn baba wa kò pa gbogbo wọn pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan. Ọ̀pọ̀lọ́ ni èyí tí kókó wà lára rẹ̀. Oje funfun olóró wà lẹ́yìn ojú rẹ̀, nítorí náà a kì í jẹ ẹ́. Àkèré ni ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí ń fò. Kọ̀ǹkọ̀ ni ọ̀gá inú omi, tí orúkọ rẹ̀ jọ igbe rẹ̀. A ń jẹ àwọn méjèèjì yìí, a sì ń rí gbígbẹ wọn lọ́jà. Ẹni tí ó fún nǹkan lórúkọ báyìí ti fara balẹ̀ wò ó.

Níbo wá ni àṣà dída kẹrosíìnì sómi ti wá? William MacGregor, tí ó jẹ́ Gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, gbógun ti àbàtà àti ẹ̀fọn. Orúkọ rẹ̀ ni a fi pe odò tí a gbẹ́ láàrin Ìkòyí àti Erékùṣù Èkó nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni àwọn wolé-wolé ń wọ agbo ilé, tí wọ́n ń da omi ìdọ̀tí nù, tí wọ́n sì ń kọ́ni pé omi tí ó dúró ni ilé ẹ̀fọn. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n omi inú agolo àti táyà kò rí bákan náà pẹ̀lú omi tí ọ̀pọ̀lọ́ ń gbé.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Awọ ara ni ọ̀pọ̀lọ́ fi ń mu omi, ó sì tún ń fi í mí. Kẹrosíìnì a pa á, a pa ẹyin, a pa ọmọ. Lóòótọ́, ẹ̀fọn náà a kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí epo bá gbẹ, ẹ̀fọn mìíràn a wá yé, láàárín bí ọjọ́ 10, àwọn ọmọ rẹ̀ a ti máa fò. Légbénlégbé ní tirẹ̀ a gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó dàgbà. Ọ̀tá a tètè padà, olùrànlọ́wọ́ a pẹ́. Àgbà ọ̀pọ̀lọ́ sì ń jẹ ẹ̀fọn, ikán, eèrà àti aáyán. Ọmọ kọ̀ǹkọ̀ pàápàá, ohun abẹ̀mí inú omi ni ó ń jẹ.

A kò sọ pé ọ̀pọ̀lọ́ nìkan lè lé ibà lọ. Kí a ta àwọ̀n sórí ibùsùn, kí a da omi inú agolo àti táyà nù, kí a kó ìdọ̀tí kúrò nínú gọ́tà. Kí ẹni tí ó ní kòtò omi fi ọgbà yí i ká nítorí ọmọdé, kí ó dá ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ lè gòkè. Kí àwọn olùkọ́ mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ wò ó, kí wọ́n sì kọ́ wọn ní orúkọ mẹ́ta wọ̀nyí.

Yanrìn àti kọnkéré ti bo púpọ̀ nínú àbàtà Ìsọlọ̀. Àwọn kòtò kéékèèké lẹ́yìnkùlé wà lára ibi tí ó ṣẹ́kù fún kọ̀ǹkọ̀. Bí ibẹ̀ náà bá dákẹ́, a ó sùn lálẹ́ ọjọ́ kan láìgbọ́ ariwo, ẹ̀fọn a sì máa kọrin sí wa létí. Ẹni tí ó lé ọlọ́dẹ ilé rẹ̀ lọ, kí ó má bínú bí olè bá dé.